Màmá Abéèrè ti Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Lọ́jọ́ tí Mátírọ̀n Ojúọlá bi Dókítà Ọlákúnlé léèrè orúkọ rẹ̀, ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà, ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkìrun. Dókítà ti fọwọ́, ó ti wọ ìbọ̀wọ́, ó ti nawọ́ fún abẹ. Aláìsàn ti sùn fọnfọn. Mátírọ̀n kò gbé abẹ fún un. Ìwé pélébé kan ló gbé sójú, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó ní:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lorúkọ yín?"

Dókítà bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì ló wọlé.

"Ṣé èmi?"

"Ẹ̀yin, sà. Orúkọ yín, àti iṣẹ́ tí ẹ wá ṣe."

"Mátírọ̀n, èmi tí mo ṣe alága níbi ìgbéyàwó ọmọ yín, ẹ ò mọ orúkọ mi?"

"Èmi mọ̀ ọ́n, sà. Ìwé ni ò mọ̀ ọ́n."

"Mi ò sọ!"

Mátírọ̀n ti àwo abẹ sẹ́yìn, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó dúró. Olúwọlé tó máa ń fún àwọn aláìsàn ní abẹ́rẹ́ oorun bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀: "Ẹ dárúkọ, sà, ẹ dákun. Oorun tí mo fún ẹni yìí kì í ṣe ti títí ayé o." Nígbà tó yá, Dókítà sọ ọ́ jáde bí ẹni tu ewúro dànù: "Ọlákúnlé!"

"Iṣẹ́ yín ńkọ́, sà?"

"Kápẹ́ńtà ni mí!"

Mátírọ̀n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé náà ṣì wà nínú fáìlì títí dòní: Ọlákúnlé, kápẹ́ńtà.

Kẹ́ ẹ má rò pé orí ìyá náà dàrú. Ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan ló lọ ní Òṣogbo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún wọn ní ìwé ìbéèrè tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà nígbà mẹ́ta fún gbogbo iṣẹ́ abẹ: kí aláìsàn tó sùn, kí abẹ tó kan ara, àti kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Wọ́n ní òun ni kó gbé e káàkiri ilé ìwòsàn náà, ìyẹn ti Ìkìrun fúnra rẹ̀ àti ẹ̀ka tó ní ní Inísà àti Òkukù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Mátírọ̀n kíyè sí i pé tí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì bi aláìsàn ní ohunkóhun, "Yẹ́ẹ̀sì mà" ló máa fi dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n béèrè. Ló bá jókòó, ó tú gbogbo rẹ̀ sí Yorùbá. Abéèrè kì í ṣìnà, ohun tó máa ń sọ nìyẹn, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi sọ ìwé náà ní ìwé abéèrè, tí wọ́n sì sọ òun náà ní Màmá Abéèrè.

Inú rẹ̀ dùn sí orúkọ yìí. Tí ó bá kan òun láti sọ orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó máa ń wí ni pé: "Èmi ni Ojúọlá. Ìbéèrè niṣẹ́ mi." Kò fi mọ sí ilé ìwòsàn o. Lọ́jọ́ ìrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tó ń lọ, ó dìde láàárín ìjọ, ó ní kí wọ́n ka àwọn tó bá wọ odò, kí wọ́n sì ka àwọn tó bá jáde.

Ní ti Dókítà Ọlákúnlé, ọ̀rọ̀ kápẹ́ńtà yẹn dùn ún dọ́kàn. Nílẹ̀ yìí, ta ló ń bojú wo àgbà kó ní kí lorúkọ rẹ? Òun ló sì ni àṣẹ ilé ìwòsàn. Ó pe Mátírọ̀n sí ọ́fíìsì, ó ní: "Oṣù kan ni mo fún yín. Tí ìwé yìí ò bá mú àṣìṣe kan ṣoṣo títí oṣù á fi parí, ìyá alákàrà ni mo máa kó gbogbo rẹ̀ fún."

Mátírọ̀n ní, "Ó dáa, sà. Oṣù yìí ni àbí èyí tó ń bọ̀?" Kódà níbẹ̀, ó ṣì ń béèrè.

Inísà ló kọ́kọ́ lọ. Ó bá ìwé níbẹ̀ tí wọ́n ti fi bíró sàmì sí gbogbo ìlà rẹ̀ dáadáa. Inú rẹ̀ dùn títí tó fi rí ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé ìkẹyìn. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n wà, ìwé sì ní Fráídè tó ń bọ̀. Ó pe Nọ́ọ̀sì Felicia.

"Felicia, aláìsàn tọjọ́ Fráídè yìí ńkọ́?"

"Wọ́n ti ṣe tirẹ̀ parí, mà. Gbogbo nǹkan pé."

"Níbo ló wà?"

"Kò tíì dé, mà."

Mátírọ̀n ní òun ti rí iṣẹ́ ìyanu nínú Bíbélì, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún tí ara rẹ̀ sì yá kó tó kúrò nílé. Láti ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń ka ìwé sókè ní Inísà, tí Felicia á sì máa wí tẹ̀lé e bí ọmọ jẹ́léósinmi.

Ní Òkukù, tí í ṣe ìlú bàbá Mátírọ̀n fúnra rẹ̀, àwọn aláìsàn gan-an ló gbógun tì í. Ìyá kan wà tó ń jẹ́ Àmọ̀kẹ́, inú ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ rẹ̀, ó sọ ọ́. Olúwọlé béèrè, ó tún sọ ọ́. Nígbà tí Mátírọ̀n béèrè ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìyá sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ń jẹ́ Àmọ̀kẹ́ láàárọ̀ yìí! Ẹni tí ò lè rántí orúkọ mi fún wákàtí kan, ṣé òun ló máa rántí ohun tó bá gbàgbé sínú mi?"

Ó mú bàtà, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ilé ìwòsàn sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gbagada. Mátírọ̀n sáré tẹ̀lé e, ó ń pàtẹ́wọ́ fún un: "Màmá, òótọ́ lẹ sọ! Ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ kọ ìwé yìí!" Ó ka ìlà ìkẹyìn sí i létí níbi géètì, ìlà tó ní kí wọ́n ka gbogbo gọ́ọ̀sì, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n tó rán inú. Àmọ̀kẹ́ rò ó, ó ní kó búra pé wọ́n á kà á sókè. Mátírọ̀n búra, ìyá sì padà wọlé.

Gbogbo èyí dáa, ṣùgbọ́n ìwé kò tíì mú àṣìṣe kankan. Ọjọ́ tí oṣù máa parí pé, ìyá alákàrà pàápàá ti gbọ́, ó ti ń béèrè ìgbà tí bébà òun máa dé. 

Bàbá Titus, díákónì láti Eko Ende, ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún lọ́jọ́ náà ní Ìkìrun. Dókítà kékeré kan, Ayọ̀midọ̀tun, tí kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láti ìgbà tó ti Èkó dé, ló ti fi bíró sàmì sí ibi tí wọ́n máa là. Ẹ sì mọ ìwà ìpá: tí onítọ̀hún bá ti dùbúlẹ̀, ó máa ń wọlé lọ bí orí ìjàpá ni. Kò sí ohun tí ojú lè rí mọ́.

Dókítà Ọlákúnlé wo aago. "Mátírọ̀n, ẹ jẹ́ ká fo ìwé lónìí. Ìpá lásán ni."

"Ó ku wákàtí díẹ̀ kí oṣù parí, sà." Ó yíjú sí aláìsàn. "Bàbá, apá ibo la fẹ́ ṣe fún yín?"

"Apá àlàáfíà ni, ọmọ mi."

Mátírọ̀n wo àmì bíró. Apá ọ̀tún ló wà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ ara yín kàn án."

"Níwájú obìnrin?"

"Ẹ fojú sí òkè, kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án."

Díákónì fojú sí òkè bí ẹni ń gbàdúrà, ó fọwọ́ kan apá òsì.

 Òógùn bo Ayọ̀midọ̀tun. "Ṣùgbọ́n nígbà tí mo nawọ́ sí apá òsì, àlàáfíà ni bàbá ní, mà! Mo rò pé apá ibẹ̀ ló wà lálàáfíà, pé èkejì ló ń ṣàìsàn!"

"Ọmọ mi, ta ló kọ́ ọ ní Yorùbá?"

Bàbá Titus dìde jókòó. "Ẹnu tí mo fi ń gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa, ṣé òun ni kí n fi pe òsì mọ́ ara mi lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ibi tó dáa lára bàbá arúgbó ni wọn ì bá là, kí wọ́n sì rán ìpá rẹ̀ padà sí Eko Ende pẹ̀lú rẹ̀. Dókítà Ọlákúnlé wo àmì bíró náà. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

"Ọlákúnlé lorúkọ mi. Oníṣẹ́ abẹ ni mí. Apá òsì la máa ṣe."

"Ẹ ṣé, sà," Mátírọ̀n dáhùn, ó sì ń kọ ọ́. "Ṣé ẹ ti fiṣẹ́ kápẹ́ńtà sílẹ̀ nìyẹn?"

Wọ́n fi ìlà kan kún ìwé náà lọ́jọ́ kejì, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní ní Ìkìrun, ní Inísà àti ní Òkukù: Kí aláìsàn fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Ẹ má gba àlàáfíà gbọ́.

Ọdún tó kọjá ni Mátírọ̀n kú, nígbà ọyẹ́, ó ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì. Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́. Pásítọ̀ wá gbàdúrà fún un nílé, Pásítọ̀ ti dijú, ni Mátírọ̀n bá fi ohùn kékeré bi í pé, "Orúkọ ta lẹ fẹ́ dá, sà?" Pásítọ̀ ní, "Tiyín ni, mà." Ó ní, "Ẹ dá a kí n gbọ́." Pásítọ̀ dá a, Mátírọ̀n sì mi orí sí i pé ó tọ̀nà. Ó dùn wá gan-an, ìyá náà dáa.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ́yìn ìsìnkú, iṣẹ́ abẹ wà. Dárasími, nọ́ọ̀sì tó gba ipò rẹ̀, ló gbé ìwé dání. Olúwọlé sọ orúkọ rẹ̀. Ayọ̀midọ̀tun sọ tirẹ̀. Dókítà Ọlákúnlé sọ tirẹ̀. Dárasími fẹ́ kọjá sí ìbéèrè tó kàn.

"Dúró," ni Dókítà wí. "A ò tíì pé. Sọ ti Mátírọ̀n."

Dárasími wo àyè tí ìyá náà máa ń dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo abẹ.

"Ojúọlá," ló wí. "Ìbéèrè niṣẹ́ mi."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Ẹ̀rín náà kò sì tíì tán nílẹ̀ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú Dókítà. Kò lè nù ún, nítorí ìbọ̀wọ́ tó ti wọ̀. Dárasími mú gọ́ọ̀sì, ó bá a nù ún. Dókítà ní òógùn ni. Nínú gbogbo ohun tó yẹ ní bíbéèrè lọ́jọ́ náà, ìyẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni ò béèrè.