Pákó Tí Wọ́n Fi Jẹun

Ìyá Kíláàsì ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ àwòrán títẹ̀ ní yunifásítì ń pè é, nítorí ọmọ rẹ̀ ti wọ iléèwé girama kí òun tó wọ yunifásítì. Ìdọ̀tí yàrá iṣẹ́ wọn máa ń kó o nírìíra: íǹkì gbígbẹ lára rólà tí wọ́n fi ń kun pákó, àkísà tó ń rùn nínú síǹkì. Á máa kùn, á sì máa fọ̀ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ adìyẹ díndín lórí pákó tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́ ojú ìyá òun olóògbé sí. Epo ti ṣàn wọnú imú ìyá.

"Orí màmá mi lo ń da eegun sí yẹn?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé pákó lásán ni."

Ó tún ń lá ìka! Obìnrin náà já pákó rẹ̀ gbà. Ó gbé e lọ sílé, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó kun íǹkì sí i, ó tẹ́ pépà lé e, ó sì fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí ojú ìyá fi jáde kedere. Títí ó fi gboyè, ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ yẹn ló ń dúró sí fún olùkọ́ ní iṣẹ́ tó ṣe, tí á sì fi ọwọ́ di imú.