Ọjọ́ Tí Wọ́n Yọ Nínú Kàlẹ́ńdà

Bí ìsìn ṣe parí ní ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú ọdún 2024, wọ́n kó kàlẹ́ńdà tuntun ti ìlú Ìsàn-Odò jáde sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kálukú sì ń nawọ́ gbà á. Kàlẹ́ńdà náà dára lójú. Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè ìlú ló tẹ̀ ẹ́. Lábẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ohun ńlá tó ti ṣẹlẹ̀ nílùú nínú oṣù náà, àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an: ọjọ́ tí iléèwé àkọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, ọjọ́ tí iná mọ̀nàmọ́ná dé, ọjọ́ tí ọba gorí ìtẹ́. Àyìnkẹ́ Ògúntúndé gba tirẹ̀, ó gbé awò sójú, ó sì ń ṣí i wò lórí ìdúró. Nígbà tó dé oṣù Kejì, ara rẹ̀ le gbagidi.

Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé: “Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì, 1980. Olóyè Ignatius Ọláìyá kọ́ afárá Odò Ìsàn fún ará ìlú.”

“Ta ló kọ́ kí ni?” Ohùn Àyìnkẹ́ lọ sókè débi pé àwọn tó ti ń lọ ilé yíjú padà. Inúmidùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wá kí i láti Òmù-Àrán, fà á lápá. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀ṣì la wà.”

“Ṣọ́ọ̀ṣì la wà, tí a fi ń pín irọ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀?” Ó ká kàlẹ́ńdà náà, ó fi há abíyá, ó sì gba ilé lọ.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí Àyìnkẹ́ jẹ́. Ọdún márùnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìsàn-Odò, ìlú kékeré kan tó fara ti ọ̀nà Àrán-Ọ̀rin. Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ọjọ́ ìbí rẹ̀, nítorí fọ́ọ̀mù báńkì tàbí ti ètò ìkànìyàn, ọ̀dọ̀ Tíṣà ló ń lọ. Á ní kí onítọ̀hún jókòó, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ṣé ìyá rẹ ti lóyún rẹ nígbà tí mọ́tò kúrò lápá òsì tí wọ́n ní kó máa gba ọ̀tún? Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, 1972 nìyẹn, ọjọ́ Ìsinmi ni. Ṣé o ti ń rìn nígbà tí a pààrọ̀ pọ́n-ùn sí náírà? Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973 nìyẹn. Ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti wà láyé lọ́jọ́ tí òṣùpá bo oòrùn, tí adìẹ wọ ilé lọ sùn ní ọ̀sán gangan? Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, 2006. Bí ó ti ń bi í léèrè báyìí ni yóò máa sún mọ́ ọjọ́ náà títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi bà á. Kì í ṣe é bí eré. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé ẹni tí a bá gba ọjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ la máa gbà tẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀ ó mọ ọjọ́ afárá náà ju bó ṣe mọ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ lọ.

Lábísí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, 1979. Ọmọ náà gbé ara sódì nínú. Agbẹ̀bí sọ pé ilé ìwòsàn tó wà lódì kejì odò nìkan ló kù. Ọkùnrin mẹ́rin gbé Lábísí sórí ibùsùn onígi, wọ́n sáré gbé e dé etí Odò Ìsàn, wọ́n sì bá omi tó ti kún dé orí bèbè. Igi ìrókò tí gbogbo ìlú fi ń rékọjá ti bá omi lọ. Láti ìgbà tí oòrùn wà lókè títí ó fi rẹlẹ̀ ni wọ́n dúró, tí wọ́n ń wo odò, tí odò ń wò wọ́n. Àyìnkẹ́ ló di orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Ẹni ọdún méjìlélógún ni nígbà náà, kò tíì pé ọdún kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Lábísí bi í pé, “Àyìnkẹ́, ṣé omi náà ti ń fà?” Ó ní, “Ó ti ń fà, ẹ̀gbọ́n mi.” Omi kò fà. Kó tó fà, Lábísí ti kú, ọmọ náà sì kú sí i nínú.

Ọdún mẹ́fà ni àwọn ọkùnrin ìlú ti ń kọ̀wé sí ìjọba nítorí afárá. Lẹ́yìn ìsìnkú Lábísí, wọ́n tún fẹ́ kọ òmíràn. Wosilat, ìyàwó ilé alágbàdo, obìnrin Mùsùlùmí tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, ló dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ ọ́. Ìwé kì í di afárá. Òkúta wà lórí òkè, orí wà lọ́rùn wa.”

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá, oṣù Kọkànlá, 1979, obìnrin mẹ́tàlélógójì gun òkè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ru òkúta. Oníṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, onímọ́sálásí wà níbẹ̀. Wọ́n wá Ndako, bíríkìlà Nupe kan, láti Ṣàárẹ́, òun ló ń tò ó, tó ń po sìmẹ́ǹtì, tó ń fi Yorùbá tó kọ́ lọ́jà bá wọn jà bí wọ́n bá gbé òkúta tó rí róbótó wá. Ọmọ kíláàsì Àyìnkẹ́ kò pé mẹ́wàá lọ́jọ́ náà, torí àwọn ìyá wọn ti kó wọn lọ bu yanrìn; nígbà tí iléèwé parí, òun náà gun òkè lọ bá wọn. Òkúta kan jábọ́ lórí ìka Wosilat, ó sì fọ́ ọ. Ó fi aṣọ wé e, ó sì padà sórí òkè. Nígbà tí oṣù kìn-ín-ní ọdún 1980 fi máa parí, mọ́tò ti lè gba orí afárá náà kọjá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni Ignatius Ọláìyá fara hàn. Ọ̀gá kékeré kan ni nídìí ìṣèlú nígbà náà. Ó kó àwọn aláṣẹ wá, wọ́n ta ríbọ́ọ̀nù sójú afárá, wọ́n ní kí àwọn obìnrin sún sẹ́yìn kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́. Ayàwòrán ya fọ́tò. Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì nìyẹn, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà kò ju pé ó fi sísọ́ọ̀sì gé ríbọ́ọ̀nù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pín kàlẹ́ńdà, Àyìnkẹ́ gba ilé Ebenezer Ọláìyá lọ. Ebenezer ni ọmọ olóyè náà, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ tó tẹ kàlẹ́ńdà. Àyìnkẹ́ ló kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó fún un ní àga.

“Mi ò jókòó. Ebenezer, ta ló kọ́ afárá Odò Ìsàn?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Mọ́mì Tíṣà, ohun tí a bá nínú fáìlì la tẹ̀. Fọ́tò wà, ọjọ́ wà lẹ́yìn fọ́tò. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ìtàn tí kò ní àkọsílẹ̀, àlọ́ ni.”

“Ìyá tó bí ọ ru òkúta fún afárá yẹn. Ìwọ fúnra rẹ bu yanrìn.”

“Ọmọdé ni mí nígbà náà, mà. Tí ẹ bá ní ìwé tó fi hàn, ẹ mú un wá. Ìgbìmọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò.”

Àyìnkẹ́ yí ẹ̀yìn padà, ó jáde. Bí ó ṣe ń lọ sílé ló ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí a sún sẹ́yìn kí fọ́tò lè dáa, fọ́tò ọ̀hún ló wá di ẹ̀rí pé a ò sí níbẹ̀! Ní ọjọ́ kejì ó lọ sí iléèwé láti wá ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọdún 1979, ibi tí òun fọwọ́ ara òun kọ ìdí tí àwọn ọmọ kò fi wá. Ọ̀gá iléèwé ṣí yàrá ẹ̀yìn fún un. Ikán ti jẹ gbogbo rẹ̀ di eruku. Ó gbọn eruku náà kúrò lára aṣọ, ó kọjá sí ilé Wosilat.

Wosilat ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ojú rẹ̀ ti ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pòṣé.

“Ìyá Muaz,” ni Àyìnkẹ́ pè é, “wọ́n ní ká mú ìwé wá.”

“Ìwé?” Wosilat na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síta. Ìka àárín rẹ̀ wọ́ bí ẹ̀ka igi tó gbẹ. “Kí wọ́n wá ka eléyìí.”

Láti ọjọ́ kejì ni Àyìnkẹ́ ti mú bírò pupa pẹ̀lú rúlà, ó bẹ̀rẹ̀ láti òpin ìlú, ó ń wọ ilé kan dé òmíràn. Á kí wọn, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí kàlẹ́ńdà yín.” Á fi rúlà fa ìlà sórí orúkọ Ọláìyá, á sì kọ sí ìsàlẹ̀ oṣù Kọkànlá pé: “Ọjọ́ kejìlá, 1979. Obìnrin mẹ́tàlélógójì bẹ̀rẹ̀ afárá Odò Ìsàn.” Àwọn kan ń dúpẹ́, torí ìyá wọn wà nínú wọn. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní arúgbó ti ń dà á láàmú. Ilé kan wà tí baálé ibẹ̀, àna àwọn Ọláìyá, gbá ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ó dúró síta, ó fi ohùn olùkọ́ sọ gbogbo ìtàn náà fún ilẹ̀kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó tó kúrò níbẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí lẹ́tà ẹgbẹ́ dé. Wọ́n ní kó wá tọrọ àforíjì nítorí pé ó ba ohun ìní ìlú jẹ́. Ó lọ. Ṣùgbọ́n òun àti obìnrin méje ló lọ, àwọn méje tó kù láyé pẹ̀lú rẹ̀ nínú àwọn tó ru òkúta. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ló mú wọn dání wọ gbọ̀ngàn ìlú.

Ebenezer ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹ̀yin ìyá wa, a bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ la ń sọ. Àlájà, ẹ dárúkọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀.”

Wosilat ní, “Èmi ò mọ ọjọ́ òyìnbó. Ọjọ́ Ajé kejì lẹ́yìn Ìléyá ni, ọdún tí Lábísí kú.”

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Khaleel, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé kéú, yọ fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó dìde. “Ìléyá ọdún 1979, ìparí oṣù Kẹwàá bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ni. Ọjọ́ Ajé kejì lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ kejìlá ni.”

Lẹ́yìn náà ni Ebenezer sọ pé kò burú, kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀ yóò fi kún un pé olóyè kọ́ afárá “pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn obìnrin.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló bí Àyìnkẹ́ nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó dìde. “Ìrànlọ́wọ́ ta ni? Ta la ràn lọ́wọ́? Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń kú létí odò, níbo ni bàbá rẹ wà? Àwọn èèyàn a máa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ọdún mẹ́rìnlélógójì rèé! Ẹsẹ̀ òtítọ́ ò yára nílùú yìí, nítorí ẹ̀yin lẹ dè é mọ́lẹ̀.” Kò tọrọ àforíjì kankan. Àwọn obìnrin méje náà dìde, wọ́n bá a jáde.

Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àyìnkẹ́ gbé àga mẹ́jọ lọ sórí afárá láàárọ̀. Àwọn arúgbó náà jókòó sí i, wọ́n dí ọ̀nà pa. Àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ àwọn tó ti kú dúró yí wọn ká. Àyìnkẹ́ mú ìwé jáde, ó ń ka orúkọ àwọn mẹ́tàlélógójì. Bó bá dárúkọ ẹni tó ti kú, ọmọ rẹ̀ á dáhùn pé, “Ó wà níbí.” Mọ́tò tò lọ rẹrẹẹrẹ lápá méjèèjì. Nínú wọn ni mọ́tò Ebenezer wà. Ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, àwọn èèyàn wò ó, kò tún fọn ọ́n mọ́. Nígbà tí Àyìnkẹ́ dé orúkọ kẹrìndínlógún, ó ka orúkọ ìyá Ebenezer. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó tún un kà. Ebenezer sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó rìn díẹ̀, ó dúró. Ó ní, “Ó wà níbí.”

Kàlẹ́ńdà ọdún 2025 ti dé. Ọjọ́ kejìlá oṣù Kọkànlá wà nínú rẹ̀: “Àwọn obìnrin Ìsàn-Odò bẹ̀rẹ̀ afárá.” Ṣùgbọ́n ti oṣù Kejì ṣì wà. Wọ́n kàn yí “kọ́” padà sí “ṣí” ni, fọ́tò olóyè àti sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sì gba ìdajì ojú ewé. Wọn kò kọ orúkọ obìnrin kan ṣoṣo. Inúmidùn ní kí ìyá òun gbà bẹ́ẹ̀, ó ní ìṣẹ́gun ni. Àyìnkẹ́ gbé kàlẹ́ńdà náà kọ́ ògiri pálọ̀, ó wò ó pẹ́.

“Orúkọ mẹ́tàlélógójì,” ló sọ, “ṣé ojú ewé kan kò gbà á ni?” Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó mú bébà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀.