Òórùn Tí Kò Sí

Iyọ̀ imí-ọjọ́ méjì ló wà ní yàrá kẹ́místírì ilé-ìwé wa ní àdúgbò Mayfair: sọ́fáìtì àti sọ́féètì, funfun ni àwọn méjèèjì. Bébà ara ìgò wọn bó, tíṣà wa bá fi báírò kọ òmíràn bó ṣe wù ú. Òun náà ló kọ́ wa pé bí ásíìdì bá kan sọ́fáìtì, á rùn bí ìṣáná tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá; sọ́féètì kì í rùn.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo da ásíìdì sí èyí tó pè ní sọ́fáìtì. Kò rùn. Mo kọ ọ́ pé sọ́féètì ni. Òdo ló fún mi.

"Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Orúkọ ẹ̀ wà lára ìgò!"

Àwọn tó kọ ọ́ pé òórùn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ló yege. Irọ́ ńlá! Ọ̀kan nínú wọn ló ń kọ́ ọmọ mi ní kẹ́místírì báyìí.