Dìgírì Kan Tó Gbé Ilé Wa Sínú Òkun

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí mo fi ń kun ara ọkọ̀ ojú omi lọ́dà, mo padà sí Ṣàgámù láti kàwé fún ìdánwò àwọn tó ń darí ọkọ̀. Àbúrò ìyá mi, tí mo ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ló ń kọ́ mi. Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, ó sì mú sẹ́sítáǹtì rẹ̀ bọ̀ wálé, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí oòrùn ṣe ga tó kí a lè mọ ibi tí a wà.

Kò sí òkun ní Ṣàgámù. A da ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú sínú abọ́ lẹ́yìnkùlé, a ń yí irinṣẹ́ náà títí oòrùn òkè àti oòrùn inú ọ́ìlì fi bo ara wọn. Iye tó bá jáde, a ó pín in sí méjì, torí ìlọ́po méjì gíga oòrùn ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, mo wọn ọ́n, mo ṣe ìṣirò, mo gbé ìwé fún un. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Bí o ṣe kọ ọ́ yìí, inú òkun la wà, a ti kọjá Èkó."

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣa obì nítòsí, bi mí bóyá kí òun kó aṣọ tí òun sá wọlé. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá. Orí ọgọ́fà dìgírì ni mo bá ìlà rẹ̀."

"Kò tíì débẹ̀. Kí ni kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń ka mínítì wí?"

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta."

"Mínítì mélòó ló ń pé dìgírì kan?"

"Ọgọ́ta."

"Ó ku mẹ́ta, nígbà náà."

Mo tún un wò. Lóòótọ́, ìlà tó ń tọ́ka dìgírì fi bí ìbú irun orí kan sẹ́yìn ọgọ́fà. Dìgírì mọ́kàndínlọ́gọ́fà àti mínítì mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló yẹ kí n kọ.

Ó wá sọ fún mi pé òun náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, lójú agbami. Ọ̀gá ọkọ̀ kò bú u. Ó kàn ń wá ka ìlà náà lẹ́yìn Bọ̀ọ̀dá lọ́sàn-án ojoojúmọ́, fún ọjọ́ mọ́kànlá, láìsọ̀rọ̀. Bọ̀ọ̀dá ní ì bá tẹ́ òun lọ́rùn kó bú òun.

Láti ìgbà náà, tí mo bá fẹ́ mu ẹ̀kọ láàárọ̀, á gbé sẹ́sítáǹtì ka iwájú mi. Bí n kò bá kà á re, ẹ̀kọ á tutù.

Nínú ìdánwò, mo ka ìlà láìṣe àṣìṣe. Ibi iná títàn-pípa tí a fi ń bá ọkọ̀ mìíràn sọ̀rọ̀ ni mo ti fìdí rẹmi. Nígbà tí mo délé sọ ọ́, Bọ̀ọ̀dá ní òun náà kò gbọ́ èdè iná yẹn rí. Ẹlòmíràn ló máa ń bá òun kà á. Mo tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún kejì, mo sì yege.