Ọkọ̀ Tí Ń Mí Bí Olóògbé

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ kan ní Adó-Èkìtì ní iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ìgbà tí àwọn ológun ń múra láti gbé ìjọba fún alágbádá ni.

Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan, Ìyá Fólúkẹ́ ránṣẹ́ pè mí sí ilé wọn lẹ́yìn Ọjà Ọba. Agbẹ̀bí ni, ikọ́ fée sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọkọ rẹ̀. Kí n tó wọ ọgbà wọn ni mo ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì kan. Ohùn rẹ̀ á gòkè, fíìì, á dúró bí ẹni tí kò rí afẹ́fẹ́ fà, á wá já wálẹ̀, họ̀ọ̀ọ̀. Mo bojú wo inú ọkọ̀ náà. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Síbẹ̀, ohùn náà tún gòkè, bí ẹni pé ẹsẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ń tẹ̀ ẹ́ kó sáré.

Ìyá Fólúkẹ́, ẹni tó ṣíná rẹ̀ sílẹ̀, jáde nínú aṣọ dúdú, ìgò òróró kékeré lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, Mà."

"Báyìí ni ọkọ mi ṣe ń mí ní ọ̀sẹ̀ tó kú."

Orí mi wú. Mo ti jókòó ti ọkùnrin náà rí nígbà tí àìsàn ọ̀hún dé sí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe ń mí.

Bàbá Àjàyí, ẹ̀gbọ́n olóògbé, wà lórí àtẹ̀gùn. "Kò sóhun tí tíṣà fẹ́ wò níbẹ̀," ló wí. "Ọkọ̀ yìí ló di àbúrò mi mú tí kò fi rí ọ̀nà lọ. Tó bá di Sátidé, a ó tì í kúrò ní ulé yìí, a ó sun ún lọ́nà Ìjàn."

"Bàbá, kí ni màá wá fi gbé àwọn aboyún oko?"

"Èyí tó kú mọ́ aboyún lọ́wọ́ lójú ọ̀nà lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ọpẹ́lọpẹ́ lọ́rì onígi tó gbé e!"

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láìsí ọkọ̀ náà, obìnrin tí ìrọbí bá le fún lóko kò ní rí ohun tí yóò gbé e dé ọsibítù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ọkọ̀ náà kò ní kábúrétọ̀, ohun tí ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé ìgbà náà. Òkè òkun ni olóògbé ti rà á bọ̀. Ó ní fáàfù kékeré kan tí ń bu afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, fáàfù náà á ṣí; bó ti ń gbóná, á máa pa dé díẹ̀díẹ̀. Bó bá há sáàárín, ohùn ẹ́ńjìnnì á máa lọ sókè sódò, ó sì lè kú nígbàkígbà. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n dán nǹkan wò kí wọ́n tó tú u.

Mo di rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ sínú fáàfù náà mú, mo fún un pọ̀. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń sọ kúlúkúlú nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Èémí náà já. Ẹ́ńjìnnì rọ̀ wọ̀ọ̀.

Bàbá Àjàyí fò dìde. "Tíṣà! Ẹ má fún àbúrò mi lọ́rùn!"

Mo tú rọ́bà sílẹ̀, fíìì, èémí padà dé.

Nígbà tí mo tú fáàfù náà, nǹkan pupa rúsúrúsú kan dì sínú rẹ̀ bí oje igi. Mo gbóòórùn rẹ̀, mo wo ìgò ọwọ́ Ìyá Fólúkẹ́.

"Mà, ibo lẹ ń da òróró yẹn sí?"

"Imú rẹ̀ ni."

Alàgbà ìjọ wọn ló ní kí wọ́n máa fi òróró àdúrà pa orí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n olóògbé, ẹni tí èémí jẹ níyà, sọ pé orí kò ṣe pàtàkì tó imú. Ló bá ń ṣí ilé afẹ́fẹ́ ọkọ̀, ó ń kán an síbẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, bí ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí, ìyàwó rẹ̀ ń ṣe é láràárọ̀.

"Kì í ṣe àdúrà ló bà á jẹ́, Mà," ni mo wí. "Ooru ló se òróró náà tó fi dì."

Mo fi petirólù fọ fáàfù náà títí, kò ṣí mọ́; kò sì sí tuntun rẹ̀ ní Adó. Irú ọkọ̀ náà kan tó ti forí gbárí wà ní Ìyìn, koríko ti hù láti inú rẹ̀ jáde lójú fèrèsé. Ibẹ̀ ni mo ti rí fáàfù mìíràn.

Nígbà tí mo gbé e dé ní Sátidé, Bàbá Àjàyí ti gbé kẹrosíìnì sílẹ̀. "Ṣé èémí òkú lẹ fẹ́ fi wo òkú sàn?"

"Ẹni tó ni ọkọ̀ Ìyìn ló bá mi tú u, Bàbá. Ó ń tiro ni, kò kú."

Mo fi petirólù fọ rọ́bà, mo de fáàfù náà, mo so wáyà rẹ̀. Ìyá Fólúkẹ́ ṣíná. Ohùn lọ sókè díẹ̀, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Gbogbo wa ń tẹ́tí. Kò gòkè mọ́. Bàbá Àjàyí fi etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pẹ́ níbẹ̀, ó wá gbé kẹrosíìnì rẹ̀.

"Ó dáa. Ẹ máa lò ó."

Ìyá Fólúkẹ́ kò sọ̀ kalẹ̀. Ó di sitiárìn mú.

"Tíṣà, kò ní mí mọ́?"

"Kò ní mí mọ́, Mà."

"Láràárọ̀ ni mo ń sọ fún un pé kó rọra." Omi ń dà lójú rẹ̀. "Ta ni màá máa sọ ọ́ fún báyìí?"

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ó fi nu ojú rẹ̀, tó gbé àpò ìgbẹ̀bí rẹ̀, tó sì wa ọkọ̀ náà kọrí sí ọ̀nà Ìjàn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da ohunkóhun síbi tí ọkọ̀ ń gbà mí, bó ti wù kó mọ́ tó. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ àtúnṣe, ẹ kọ́ èyí pẹ̀lú: bí ẹ bá tún nǹkan ṣe tán fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ má tètè kó irinṣẹ́ yín. Ẹ dúró tì í díẹ̀.