Béèsì Pupa Tí Mo Gbé Kalẹ̀ ní Alábà

Òórùn tínà ni mo fi ń rántí Iba. Mi ò sọ ti ẹja tí wọ́n ń yan lẹ́bàá ọ̀nà o, tínà ni mo wí, èyí tí àwọn pẹ́ńtà ọkọ̀ fi ń po ọ̀dà, tó máa ń gba imú èèyàn wọlé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀bù símẹ́ńtì mi kò jìnnà sí ọgbà àwọn mẹkáníìkì nígbà náà, nítorí náà aṣọ mi, irun mi, títí kan ọbẹ̀ tí ìyàwó mi ń gbé wá fún mi lọ́sàn-án, tínà ni gbogbo rẹ̀ ń rùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá gbé òórùn yẹn kọjá níwájú mi lónìí, owú kan á dìde nínú mi, á wá jókòó tì mí. Jẹ́ kí n sọ bí owú náà ṣe rí mi.

O mọ̀ pé ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa, ní Igbó-Elérin. Èmi ni mo ń ta gìtá béèsì níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń jọ́sìn lábẹ́ àtíbàbà. Àga onígi kan wà lẹ́yìn àwọn akọrin, kò sí ẹni tó ń jókòó lé e àfi èmi. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan kó wá láti ìhà Ìjẹ̀bú. Télọ̀ ni, òun ló wá ń rán sùtánà fún bí ìdajì ìjọ. Kò gbéraga, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, àmọ́ ó mọ béèsì í ta. Ọjọ́ ìsinmi tí mi ò bá sí nílé, òun ló ń dì í mú fún mi, bí mo bá sì ti dé, ìròyìn rẹ̀ ni mo máa ń bá lẹ́nu àwọn obìnrin akọrin. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọdún kan ni béèsì ìjọ, tó ti ń kùn bí agbọ́n tipẹ́, dákẹ́ pátápátá. Ìkórè ń bọ̀. Olórí akọrin wa, ìyá kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, pe àwa méjèèjì. "Kí kálukú yín lọ wá béèsì tirẹ̀ wá. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá dùn jù, olówó rẹ̀ ni yóò jókòó lórí àga yẹn lọ́jọ́ ìkórè." Télọ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi náà ń wo ibi tó ń wò.

A jọ wọkọ̀ ní Okokomaiko, ó di Alábà, lọ́dọ̀ ọkùnrin Ìgbò kan tó ń ta ohun èlò orin tòkunbọ̀. Bí wọ́n ṣe ń so ẹran kọ́ ní ìsọ̀ alápatà ló so gìtá kọ́, òmíràn kò lókùn, òmíràn ọrùn rẹ̀ ti wọ́. Béèsì tí ọrùn wọn ṣì tọ́ kò ju méjì lọ. Ọ̀kan funfun báláú, ó ń dán. Èkejì pupa bí ata, ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó, ẹnì kan ní ìlú òyìnbó sì ti fi nǹkan ha orúkọ ara rẹ̀ sí i lẹ́yìn. Télọ̀ fà sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Ẹ mú tiyín."

Pupa ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ lọ bá. Mo gbé e. Ó wúwo, ọrùn rẹ̀ sì bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá bọ ọ̀rẹ́ àtijọ́ lọ́wọ́. "Daddy, ẹ dì í mú dáadáa," ni ọlọ́jà wí, "kì í gé èèyàn jẹ." Ṣùgbọ́n o mọ òfin wa. Pupa àti dúdú kì í wọ ilé ìsìn. Ẹni tó bá wọ aṣọ pupa wá, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti padà. Mo ro ti híha, mo ro ti sáńpépà, mo ro ti ọ̀dà àti ìdúró de gbígbẹ. Mo gbé pupa kalẹ̀, mo mú funfun. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó ti bá mi kùn ún sílẹ̀.

Télọ̀ mú pupa láìjanpata. Ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà tó múlé ti ṣọ́ọ̀bù mi ní Iba ló gbé e lọ, nítorí náà kò sí ohun tí ojú mi kò rí. Ẹ̀gùn ni pẹ́ńtà náà, aláwàdà èèyàn. "Ẹ̀yin aláṣọ funfun yìí," ó ní, "bí wọ́n bá gbé oòrùn lé yín lọ́wọ́, ẹ ó ní kí n bá yín kùn ún ní funfun."

Télọ̀ dá a lóhùn pé, "Kó kọ́kọ́ wá wọ ẹgbẹ́ akọrin ná."

Òun fúnra rẹ̀ ló ha ọ̀dà náà. Kò jẹ́ kí pẹ́ńtà gbé ẹ̀rọ lé e. Ọwọ́ ló fi ń fa sáńpépà, ó ń tẹ̀lé ìlà igi bí ẹni ń tẹ̀lé ojú aṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo igi." Mo lọ. Odindi igi kan ṣoṣo ni, kò sí oríkèé, ìlà rẹ̀ ń ṣàn bí omi ọ̀sà nígbà tí ọkọ̀ ojú omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Mo fọwọ́ pa á. Mo ní, "Ó dáa." Bí mo ṣe délé, mo tú ìdérí ẹ̀yìn béèsì funfun tèmi láti yọjú wo inú rẹ̀. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n wá da ọ̀dà bò.

Mi ò gbà fún un. Mo ra okùn tuntun. Mo ra kọ́kọ́rọ́ tuntun tí wọ́n fi ń fa okùn le. Mo ra píkọ̀ọ̀pù, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì abẹ́ okùn tó ń gbé ohùn lọ sínú sípíkà, oníṣẹ́ rédíò kan ní Okokomaiko sì bá mi fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ wáyà. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wò mí bí mo ṣe ń nù ún. "Ẹ kúkú fẹ́ ẹ," ó ní, "kí n mọ̀ pé mo ní orogún." Mi ò lè rẹ́rìn-ín, nítorí èmi gan-an ni orogún tí owú ń pa.

Ìgbà òjò ni. Bí wọ́n bá fín ọ̀dà nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù, ńṣe ló máa ń ṣú bíi gíláàsì tí èèyàn mí sí. Télọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó gbé igi náà kọ́ sáàárín àwọn sùtánà nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó ń dúró de oòrùn. Ní ọjọ́ tó fín in ní funfun, kò sí ẹni tó ń retí òjò ní gbogbo Iba bíi tèmi. Òjò kò rọ̀.

Ọjọ́ ìdánrawò pé. Èmi ni mo kọ́kọ́ ta tèmi. Ohùn rẹ̀ jáde, ó mọ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Télọ̀ wá ta tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wọ bàtà nínú ilé ìsìn wa, nítorí náà àtẹ́lẹsẹ̀ ni béèsì tó dára ti ń kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀. Nígbà tó fọwọ́ kan okùn tó nípọn jù, táìlì ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó gba orúnkún, ó gun ìhà mi. Mo tẹjú mọ́ ìka rẹ̀. Kò ṣe ohunkóhun tí èmi ò lè ṣe. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Ìyá olórí akọrin ní, "Ó tán." Ṣùgbọ́n télọ̀ kò lọ jókòó. Ó gbé béèsì náà wá bá mi, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ta á wò." Mo gbà á. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kó dákẹ́ lọ́wọ́ mi, kí n lè sọ pé ọwọ́ ọmọ náà ló ń ṣe é, kì í ṣe igi. Kò dákẹ́. Ó dùn, ó dùn débi pé ìyá arúgbó kan tó ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ kígbe halelúyà. Olórí akọrin yí ọ̀rọ̀ padà lójú ẹsẹ̀: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ fi tirẹ̀ ta." Télọ̀ ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀.

Àga mi ti padà sọ́wọ́ mi nìyẹn. Mo ní rárá. Wọ́n rò pé ìtìjú ni, àwọn kan ní ìgbéraga ni. Kì í ṣe méjèèjì. Mo ti gbé béèsì yẹn kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní Alábà. Mi ò lè máa ta á tán, kí n tún máa gbé e kalẹ̀ fún ẹni tó ni ín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkórè, òun ló jókòó. Èmi dúró sáàárín àwọn ọkùnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, mo ń kọrin, mo sì ń jowú láti orin àkọ́kọ́ títí dé ìdúpẹ́. Mo ṣì ń jowú di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n máa ń sọ pé owú ń jẹ egungun èèyàn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n adití kì í jowú ohùn. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn àwọn akọrin, mo rò pé àga ni mo fẹ́, kí wọ́n máa rí mi níbẹ̀, kí wọ́n máa pè mí ní oníbéèsì. Ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní àga, tí inú mi kò dùn, ni mo tó mọ̀ pé ohùn yẹn ni mo fẹ́ràn.