Oògùn Ìsanra Rafíátù

Òórùn gàrí tí wọ́n ń yan ló máa ń jí wa ní agbo ilé wa ní Ifangni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èéfín bo gbogbo àgbàlá, Rafíátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí agbada, ó ń bu gàrí gbígbóná sẹ́nu. Ìyá rẹ̀ wò ó títí. "Ọmọ yìí, ṣé ìwọ nìkan lo fẹ́ jẹ ọjà mi tán ni?"

Èmi mọ ìdí rẹ̀. Rafíátù tín-ín-rín, bí èmi náà ti tín-ín-rín, àwọn ọmọkùnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì wa sì ń pè é ní ẹyọ ìgbálẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé, "Ọjọ́ tí a gbin ẹ̀gẹ́ kọ́ la ń hú u." Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wo ló lè dúró de ẹ̀gẹ́? Ó lọ sí Igolo, ó ra oògùn ìsanra tó máa ń mú ebi pani lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń gbé oògùn kiri nínú àwo, ó sì ń lò ó ní bòókẹ́lẹ́. Èmi nìkan ló fi í hàn.

Oògùn náà ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún rọ̀gbọ̀dọ̀, ó ń rìn bí ìyàwó tuntun. Tó bá jẹ ìrẹsì òun ẹ̀wà tirẹ̀ tán nígbà ìsinmi, ojú rẹ̀ á bọ́ sórí tèmi. Oorun ni kò jẹ́ kó gbádùn. Lọ́jọ́ kan, mùsíè tó ń kọ́ wa ní Faransé bi í ní ìbéèrè. Rafíátù gbórí sókè láti ojú oorun, ó ní, "Ẹ ṣé, mà, mo ti yó." Mùsíè pàápàá rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé sálúbàtà kò gbà á mọ́, òòyì sì gbé e ṣubú ní pápá eré ìdárayá. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi í ní ohun tó lò, ó kọjú sí ògiri. Èmi ni mo sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ní oògùn líle ni, àìsàn gidi ni dókítà ń fi í wò, kì í ṣe ìdí òun ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìgbájú ni mo ń retí. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ tó wú náà. "Bí o ti rí kí o tó lo oògùn yìí lèmi náà rí nígbà tí bàbá rẹ ń wá mi kiri," ló wí. "Ṣé ìgbálẹ̀ ló gbé sílé?" Rafíátù bú sẹ́kún, ó tún rẹ́rìn-ín.

Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà fi já oògùn náà kúrò lára rẹ̀, ó sì padà tín-ín-rín. Lónìí, ó ti sanra láìlo nǹkan kan, ó sì ń ráhùn.

Ọmọbìnrin tèmi ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà báyìí, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Láìpẹ́ yìí, mo sọ fún un pé ó rẹwà bó ṣe wà. Ó wò mí nínú dígí, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ bí mi, kí lẹ tún fẹ́ sọ?" Mo ti fẹ́ bá a wí kí n tó rántí ọmọ tí mo jẹ́ nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ̀. Ọmọ yẹn náà kì bá tí gbà mí gbọ́.